Epo Orí Irin, Epo Inú Irin

Láti ìgbà tí a ti rí ara wa kẹ́yìn nínú ìwé yìí, ẹlòmíì ti sọmọ lórúkọ, ẹlòmíì ti sin àgbà. Ire á kárí o.

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí pé ẹ̀bi tèmi náà wà nínú ẹ̀.

Òsùn mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yà sí wa rí ní Victoria Garden City mọ ibi tó dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn BQ tí mò ń gbé lẹ́yìn ilé ọmọ mi obìnrin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn agogo kéékèèké tó wà lára ẹ̀ já bọ́. Mo wo ojú ibi tó ti já, ìpẹtà ti jẹ ibẹ̀ dé ìdajì. Iṣẹ́ tó fẹ́ kò le: ká fi fáìlì ha ibẹ̀ mọ́, ká lu ihò tuntun sí i, ká fi píìnì kàn án padà. Ṣùgbọ́n gbogbo awo ló mọ̀ pé Òsùn kì í dùbúlẹ̀. Òòró ló ń wà, òòró la fi ń gbé e kiri. Báwo wá la ṣe fẹ́ fi fáìlì ha irin tó dúró lóòró, tí kò sí ohun tó dì í mú?

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, tó ń lọ sí ọdún 15, bá mi dì í mú, èmi ń ha á. Irin ń gbọ̀n, ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n. Fáìlì yọ̀, ó sì ha mí ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣebí fáìsì wà ní gáréèjì."

Lóòótọ́ ni. Fáìsì wà ní gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fáìsì yẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Fítà ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin tuntun nìkan lẹ mọ̀, ẹ gbọ́ o: ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó, nígbà tó sì fi di 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti kọ́ iṣẹ́ irin Òyìnbó, tí wọ́n gbé e lé orí èyí tí wọ́n ti mọ̀ nílé. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Òun fúnra rẹ̀ ti fẹ ẹwìrì kó tó mọ ọ̀nà rélùwéè. Ó máa ń sọ fún wa pé kò sí ohun tí òun bá ní Èbúté Mẹ́ta tí òun kò fi sílẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ bàbá òun, àfi pé ti Òyìnbó tóbi ju tilé lọ. Ẹwìrì wà níbẹ̀, òòlù wà níbẹ̀, ẹmú wà níbẹ̀. Ó ní fáìsì kì í ṣe nǹkan àjèjì, pé ẹmú tí kì í rẹ̀ ni.

Owó ara rẹ̀ ló fi ra fáìsì yìí, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tó ti ń tọ́jú u díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà 3 ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 4. Wọ́n kọ RECORD gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ C. & J. Hampton ti ìlú Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Tí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, ará àdúgbò á ti máa dúró dè é: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kán, ẹni tí sítóòfù rẹ̀ ń jò, ẹni tí ìwakọ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ́. Fáìsì yẹn ló san owó ìwé mẹ́wàá mi. Mo ń sọ òótọ́ fún yín.

Bàbá mi papòdà lọ́dún 1998. Nígbà tí a pín ẹrù, wọ́n ní kí èmi gbé fáìsì, torí pé ọ̀dọ̀ mi ni ìbọ wà. Gbogbo wa fẹnu kò pé òun ni yóò jẹ́ Ògún ilé wa. Láti ìgbà yẹn, lọ́dọọdún tí oṣù kẹjọ bá dé, à ń pé jọ sí ìdí ẹ̀. À ń pa àkùkọ, à ń sun iṣu, à ń da ẹmu, à ń ta epo pupa sí i lórí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ṣe é, kò sì sí ọdún kan tí a fo. Ẹ̀mí mi balẹ̀. Lójú mi, a ti ṣe tiwa.

Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo bá lọ sí gáréèjì, mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀, mo di irin tí wọ́n fi ń yí i mú. Kò mira. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sí i. Kò mira. Ọmọ náà wá kún mi, àwa méjèèjì fà á, kò tilẹ̀ dún kín. Epo àti ẹ̀jẹ̀ àti eruku ti di èèpá sí i lára, dúdú, ó ki tó èèpo igi ìrókò. Lábẹ́ èèpá yẹn, ìpẹtà ń já bọ́ bí ẹ̀fọ́ gbígbẹ.

Ọmọ yẹn wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Kò fi bú mi o, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé Ògún yìí ti kú ni?"

N kò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ bá mi gbé omi wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo èdè wa. Tí irin bá ti ń jẹra, a máa ń sọ pé ó dógùn-ún. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ ohùn lè rò pé ohun tí a wí ni pé ó di Ògún. Àṣìṣe tí a ṣe nílé wa gan-an nìyẹn. Irin Bàbá dógùn-ún, àwa rò pé ó ti di Ògún. Ọdọọdún la ń ta epo sí i lórí, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó ta ẹ̀kán epo kan sí ibi tó ti ń yí. Èmi tí wọ́n ń pè ní babaláwo, èmi ni mo ń ṣíwájú wọn.

Ibi tí à ń gbé tún dá kún un. VGC wà láàárín ọ̀sà àti òkun, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti ojú òkun ní iyọ̀ nínú. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń gbé láti Ìkòtá dé Ajá, yóò sọ fún yín bí géètì, ìdè ilẹ̀kùn àti ìdí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń tètè jẹ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ náà sì ní iyọ̀. Ẹ ro irin tó ń gba iyọ̀ láti òkè, tó tún ń gba iyọ̀ láti inú afẹ́fẹ́, tí kò sí ẹni tó ń nù ún.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Agége lórí fóònù. Òun ni àgbà wa báyìí, n kò lè ṣe irú ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ tú fáìsì Bàbá, kí n fọ̀ ọ́, kó lè ṣiṣẹ́."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Àkànní, o fẹ́ fọ Ògún Bàbá bí ẹni ń fọ ìkòkò ọbẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ẹ̀, ṣé ìwọ nìkan lo dà á ni? Bàbá ti lọ, iṣẹ́ Bàbá ti lọ. Ohun tó kù tí à ń rí náà lo fẹ́ fi omi ṣan dànù."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án."

N kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ó ní. Àwọn ojúbọ kan wà tó jẹ́ pé ohun tó wà lára wọn ni ìtàn wọn, ẹni tó bá ha á ti ha ìdílé. Tí irú ẹ̀ bá wà nílé yín, tí wọ́n ti fi irin náà sọlẹ̀ fún ìbọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì o. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe dùbúlẹ̀, mo rántí ohun kan. Mo rántí bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe ń bọ Ògún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ku ọ̀la ọdún, á tú fáìsì náà palẹ̀, á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, á fi gíríìsì tuntun sí ọ̀pá tó ń yí, á tò ó padà. Lọ́jọ́ ọdún, á bọ ọ́. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á mú àkísà, á nù ún mọ́ fínnífínní, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ da àkísà yẹn sí ìdí ògiri. Ọwọ́ mi ni mo fi ń gbé e! Nígbà tí Bàbá kú, a gba epo, a gba ẹ̀jẹ̀, a fi àkísà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ògún tó tẹ̀ lé e, mo da obì sí ìdí ẹ̀, mo ní kó sọ tinú ẹ̀. Obì yàn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ti obì fún un, mo sọ ti àkísà fún un. Ti obì, kò fèsì. Ti àkísà, ó ní, "Lóòótọ́ ni. Ó máa ń nù ún." Ó wá ní, "Èèpá tó wà lára ẹ̀ ńkọ́? O ò gbọ́dọ̀ dà á sí ààtàn o." Mo ní kò ní dé ààtàn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní irú ẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, ti bàbá tàbí ti ọkọ tó ti lọ.

Èèpá ni mo kọ́kọ́ kúrò. Pákó tí mo gbẹ́ ẹnu ẹ̀ tinrin ni mo lò, n kò lo irin, kí n má baà ha ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó bọ́ ni mo gbà sínú ewé. Ìdí pèrègún tó wà lẹ́yìn BQ wa ni mo gbẹ́ ihò sí, mo sin ín síbẹ̀. Bàbá mi ní orí òòlù méjì tó ti là, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé. Mo gbé wọn lé orí ibẹ̀, mo ta màrìwò sí i. Ojúbọ wa nìyẹn láti òní lọ. Irin tó ti parí iṣẹ́ ló ń gba ẹbọ níbẹ̀. Èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọ̀pá tó ń yí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń bà á jẹ́ nìyí. Tí fáìsì bá gan, ẹ má fi páìpù fa apá rẹ̀ gùn, ẹ má fi òòlù lù ú. Wọ́n ti wọn apá yẹn mọ agbára ọwọ́ èèyàn ni. Ara fáìsì jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n dà sínú àwòṣe. Ó lágbára tí a bá fún un pọ̀, àmọ́ tí a bá lù ú lójijì, á sán bí ìkòkò. Kẹrosíìnì ni mo pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mo ń ta á sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi òòlù onígi kan ara rẹ̀ kó, kó, kó, kí epo lè máa wọlé. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ karùn-ún, kò sí nǹkan. Ọmọ yẹn ní ká gbé e lọ fún àwọn wẹ́dà kí wọ́n fi iná yọ ọ́. Mo ní kó ṣe sùúrù. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ló dún. Ó kéré bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìṣáná. Mo yí i síwájú díẹ̀, mo yí i padà díẹ̀, mo tún ta epo sí i. Ẹ má fi ipá yí i lọ lẹ́ẹ̀kan o. Síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń bínú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pá ti jáde tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ iwájú sì fà yọ lọ́wọ́ mi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí. Ojú ọ̀pá tó wà níta ti jẹ. Àmọ́ níbi tó jìn jù, nínú nọ́ọ̀tì ńlá tí ọ̀pá ń gba inú ẹ̀ kọjá, gíríìsì wà níbẹ̀. Dúdú ni, ó ki, ó sì ṣì rọ̀ lábẹ́ ìka mi. Kò sí ẹlòmíì tó fi í síbẹ̀ ju Bàbá lọ, torí pé kò sí ẹlòmíì tó tú u lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo epo tí àwa dà láti 1998, òde ló wà. Èyí tó fi síbẹ̀ kó tó lọ, òun ló dáàbò bo nọ́ọ̀tì yẹn tí kò fi parẹ́. Mo jókòó sórí àga fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ń wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké, bíi sípíríǹgì, wáṣà àti irin ẹnu méjèèjì tó ní eyín, ó yẹ kí n rẹ wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú. Omi kíkan máa ń jẹ ìpẹtà. Fínígà náà á ṣe é. Àmọ́ ẹ má gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, torí tó bá jẹ ìpẹtà tán, irin gan-an ló kàn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi omi eérú ṣàn án, torí eérú máa ń pa kíkan. Ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn, ẹ fi epo pa á lójú ẹsẹ̀. Èmi kò pa á lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, ó di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ohun tí mo fọ̀ ti pọ́n bí epo pupa. Afẹ́fẹ́ òkun ò ní sùúrù tí àwa ní. Mo tún un fọ̀.

Irin ẹnu rẹ̀ ló wá fún wa ní wàhálà. Sukúrú méjì méjì ló mú ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ra. Mẹ́ta tú wẹ́rẹ́. Orí ìkẹrin kán mọ́ mi lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ há sínú. A gbé e sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, ó di Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Tí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, ẹ lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé Ògún ti kúrò ní ìlú Èkó, kó wá gbọ́ ariwo ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ wò ó. Ó gbé nọ́ọ̀tì kékeré lé orí ìdí sukúrú tó há, ó fi wẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó dúró kí ooru rẹ̀ lọ díẹ̀, ó fi sípánà yí i, ó jáde. Iná tó fi lẹ̀ ẹ́ náà ló tú ìpẹtà ibẹ̀. Mo kí i bí mo ṣe ń kí àwo ẹgbẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣàdúrà fún mi." Mo ṣe é.

Ríra sukúrú tuntun kò rọrùn. Ìlà tí wọ́n gé sí sukúrú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kì í ṣe èyí tó wà lọ́jà báyìí. Joseph Whitworth ló gbé ìlà ti àtijọ́ kalẹ̀ lọ́dún 1841, igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Ti mìlímítà òde òní jẹ́ dígírì 60. Tẹ́ ẹ bá fi tipátipá ki ọ̀kan sínú ihò èkejì, á wọlé díẹ̀, á sì ba ihò jẹ́. Ẹ mú èyí tó yọ dání lọ sọ́jà, ẹ fi ojú méjèèjì wọ̀n ọ́n. A rí mẹ́rin tó bá a mu nínú agolo ẹnì kan tó ń ta àlòkù.

Ọ̀dà rẹ̀, ọmọ ló yàn án. Ó rí ibi kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí ọ̀dà àtijọ́ kù sí, aró ni. Ó ní aró náà ni ká lò. A kò kan ẹnu, a kò kan ọ̀pá, a kò kan ibi tí irin ti ń wọ́ lórí irin. Àwọn ibẹ̀, epo ni oúnjẹ wọn.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe kàn án mọ́ tábìlì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Òsùn wà. Ẹ dúró tì í, ẹ ká apá kò. Orí fáìsì gbọ́dọ̀ bá ìgúnpá yín dọ́gba. Ìkejì, ẹ má tì í sẹ́yìn sórí tábìlì. Ẹ fà á wá síwájú títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀ kọjá etí tábìlì. Ìdí ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ di ohun gígùn mú lóòró, á lè sọ̀ kalẹ̀ dé ilẹ̀ láìkan pákó. Bàbá ti sọ eléyìí fún mi nígbà tí mi ò tíì ga tó tábìlì. N kò mọ̀ pé Òsùn mi ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a parí rẹ̀, mo fi awọ méjì bo eyín fáìsì kó má baà gé irin jẹ. Mo gbé Òsùn wá lóòró, mo kì í sáàárín, mo yí apá. Fáìsì pa ẹnu dé mọ́ ọn jẹ́jẹ́. Òsùn dúró gangan, kò gbọ̀n, kò tẹ̀. Èmi àti ọmọ ọmọ mi ha á, a lu ihò, a kan agogo padà. Kò tó wákàtí kan. Òsùn kò dùbúlẹ̀ lójú mi.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, gbogbo ẹbí wá. A bọ Ògún ní ìdí pèrègún, lórí òòlù méjì tó là. Epo ibẹ̀ pọ̀, ẹmu ibẹ̀ pọ̀, kò sí ohun tí a dín kù. Fáìsì náà gba tirẹ̀: mo ta ẹ̀kán epo kan sí i lórí, mo wúre, mo sì fi gíríìsì tuntun sí inú rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì mo fún ọmọ yẹn ní àkísà, ó nù ún.

Ẹ̀gbọ́n mi sun BQ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo rí i ní gáréèjì. Ó fi ìka kan ti apá fáìsì, ó yí. Ó tún tì í, ó tún yí. Kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí báàgì ẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá kan jáde, èyí tó fi ń ránṣọ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti gan, kò ṣí mọ́. Ó nà án sí mi, ó ní, "Àkànní, bá mi wo èyí náà."

Ohun tí mo ní láti bá yín sọ nìyẹn. Ẹ lọ wo irin ilé yín. Ẹ wo àdá bàbá yín, ẹ wo ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yín, ẹ wo ìbọn ọdẹ tó wà ní àjà. Ẹ bi Ifá tàbí obì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ bi àgbà ilé pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ojúbọ, ẹ bọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ohun èlò, ẹ bọ ọ́, kẹ́ ẹ sì mú un lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́ lálẹ́, ẹ má fún ẹnu fáìsì pa gbagba. Ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kó lè mí, kí apá rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àkísà.

Kí Ògún má ṣe bá wa jà. Kó máa la ọ̀nà fún ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ àti ẹ̀yin tó ń di irin mú jẹun. Kí irin má fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú kẹrosíìnì bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ kẹrin ẹ̀ rèé.

Ire o. Ó di àtẹ̀jáde tó ń bọ̀.